Ojú ọ̀dà ibi ìgbọ́kọ̀sí ìjọ wa ń fọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù: kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe kí yìnyín tó dé?

Akọ̀wé_Ilé (gúúsù Chicago)

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé àti ilẹ̀ ìjọ wa ní apá gúúsù Chicago, ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí wa ni mo sì gbé wá síwájú yín. Ọ̀dà ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ó ti tó ọdún mọ́kànlá, ó sì ń gba ọkọ̀ bí ọgọ́rin lọ́jọ́ ìsinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é ju pé àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí láti dúdú sí àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí òtútù bá ti wọlé tó sì jáde, a máa ń bá kòtò tuntun, àwọn ibi tó sán sì ń gùn sí i. Nítòsí ẹnu ọ̀nà, níbi tí bọ́ọ̀sì ìjọ máa ń dúró sí, ojú ọ̀dà ti sán wẹ́wẹ́, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ níbí ń pè ní ẹ̀yìn ọ̀nì.

Èrò pín sí mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a pe àwọn tó ń kun sealcoat, ohun dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń kùn sójú ọ̀dà, kí ilẹ̀ náà lè padà dúdú kó sì máa dán kí ọjọ́ ìkórè tó pé. Àwọn kan ní kí a hú gbogbo rẹ̀ dànù kí a da kọnkéré. Àwọn yòókù gbà pé iyọ̀ tí a ń dà sílẹ̀ nígbà yìnyín ló ń jẹ ẹ́, pé bí a bá ti jáwọ́ nínú iyọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Owó tó wà lọ́wọ́ wa kò lè ṣe gbogbo rẹ̀, a sì ti wọ oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹnjiníà_Títì (Minneapolis)

Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ, Akọ̀wé. Iṣẹ́ títì ni mo ń ṣe ní Minnesota níbí, mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè nínú oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé oṣù Kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè, nígbà tí kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́ ju kí a máa dí kòtò lọ.

Kí a tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń ba ilẹ̀ yín jẹ́. Omi ni. Omi tó bá wọ ojú ibi tó sán, tó sì dì síbẹ̀, máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Bí kò bá rí àyè tí yóò fẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà ni yóò máa tì. Bí oòrùn bá yọ lọ́sàn-án, yóò yọ́, omi mìíràn yóò ṣàn kún àyè tó ti là sí i, nígbà tó bá sì di alẹ́, yóò tún dì. Ìdí nìyí tí ìlú bíi Chicago, níbi tí ojú ọjọ́ ti máa ń gòkè tó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ yí ìwọ̀n 32 ti Fahrenheit, ibi tí omi ti ń dì, ká ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, fi lè ba títì jẹ́ ju ibi tí gbogbo nǹkan ti dì pa láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù títí dé òpin rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú nìyẹn. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ló le jù, àwọn ènìyàn kì í sì í kà á sí. Ìrònú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé fífẹ̀ tí omi ń fẹ̀ náà ló ń gbé ilẹ̀ sókè nígbà òtútù. Stephen Taber, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì South Carolina, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1929 sí 1930 pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lo benzene, kẹ́míkà kan tó ń ṣàn bí omi, dípò omi, bẹ́ẹ̀ benzene máa ń sún kì ni bó bá dì, síbẹ̀ ilẹ̀ náà wú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibi tí òtútù bá dé nínú ilẹ̀ máa ń fa omi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, omi náà á sì máa dì ní pẹlẹbẹ lórí ara wọn títí tí yóò fi gbé ohun tó wà lókè rẹ̀ dìde. Ilẹ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúnná ló máa ń fa omi bẹ́ẹ̀ jù; òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ kì í fà á. Nígbà tí ìrúwé bá dé, òkè ni yóò kọ́kọ́ yọ́, ìsàlẹ̀ yóò ṣì dì gbagidi, omi náà kò ní rí ọ̀nà jáde, ìpìlẹ̀ yóò sì di ẹrẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà tó dà bíi pé kò sí ohun tó ṣe é. Bọ́ọ̀sì yóò wá gun orí rẹ̀. Bí ẹ̀yìn ọ̀nì yín ṣe wáyé nìyẹn.

Ní Chicago, òfin ilé kíkọ́ ní kí ìpìlẹ̀ ilé wọlẹ̀ tó 42 íńṣì kí òtútù má bàa dé abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà àti òkúta ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í sábà nípọn tó ìdajì ìyẹn, nítorí náà òtútù yóò kọjá nínú wọn dandan. Nínú òtútù, ilẹ̀ kíkúnná àti omi, omi nìkan ni ọwọ́ wa tó láti lé kúrò. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ohun kan fún mi kí ẹ tó pe agbaṣẹ́ṣe kankan: ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ gbé ẹfun jáde bí òjò bá ti dá, kí ẹ fi yí gbogbo ibi tí omi dúró sí po, kí ẹ sì wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí.

Ọmọ_Oníṣọ́bìrì (Gary, Indiana)

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà ti sọ ojú abẹ níkòó. Iṣẹ́ títún ojú ọ̀dà ṣe ni mo ń jẹ, sealcoat sì wà lára ohun tí mo ń tà, nítorí náà ẹ má rò pé ọjà ẹlòmíràn ni mo ń bà jẹ́.

Sealcoat dára fún ojú ọ̀dà tó ṣì le, tí oòrùn ń gbẹ epo inú rẹ̀, tí ọ́ìlì ọkọ̀ sì ń kán sí. Ó máa ń dí àwọn ihò tíntìntín ojú ọ̀dà, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn tètè sọ ọ́ di gbígbẹ. Ṣùgbọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò sì lè di ibi tó ti sán. Bí ẹ bá kùn ún sórí sísán yẹn lóṣù yìí, yóò dúdú, yóò dán, ọjọ́ ìkórè yóò sì dùn ún wò. Bí òtútù àkọ́kọ́ bá ti mú kí ojú ọ̀dà sún kì, gbogbo ibi tó sán tẹ́lẹ̀ ni yóò tún là padà. Ẹni tó bá ní òun yóò fi sealcoat nìkan wo ẹ̀yìn ọ̀nì sàn, owó yín ló fẹ́ gbà.

Iṣẹ́ tí mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ́kọ́ san owó fún ni dídí ojú sísán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fẹ̀ tó ìdámẹ́rin íńṣì sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò kó koríko, iyanrìn àti ọ̀dà àtijọ́ tó ti kú jáde kúrò nínú rẹ̀, wọn yóò fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò da ọ̀dà onírọ́bà tí wọ́n ti yọ́ dé nǹkan bí ìwọ̀n 380 ti Fahrenheit sínú rẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ ló jẹ́ kó lè nà nígbà tí òtútù bá la ojú sísán náà, kó sì sún kì nígbà ooru. Bí ẹ bá rí agbaṣẹ́ṣe tó ń da ọ̀dà sínú ihò tí koríko ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí tí òjò àná ṣì tutù nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró níbẹ̀, nítorí kò ní lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ike ní ṣọ́ọ̀bù, tí a ń dà ní tútù, wúlò níwájú ilé ẹni kan, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ níbi tí ọkọ̀ púpọ̀ ń tẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni àkókò rẹ̀ gan-an. Ojú sísán kò tíì fẹ̀ bí yóò ṣe fẹ̀ nínú oṣù Kìíní, kò sì pa dé bó ṣe máa ń pa dé nínú ooru oṣù Keje, nítorí náà ohun tí a bá dà sí i kò ní nà jù, kò sì ní tú sókè jù.

Ohun mìíràn tí n kò lè ṣàìsọ: ẹni kan lè fi ọkọ̀ akẹ́rù yà sọ́dọ̀ yín, kó ní òun ní ọ̀dà tó ṣẹ́ kù láti ibi iṣẹ́ kan ládùúgbò, kó sì ní ẹ̀dínwó náà kò ju òní lọ. Agbaṣẹ́ṣe tó mọṣẹ́ mọ ìwọ̀n ọ̀dà tó fẹ́ lò kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Kọnkéré_Ló_Kù (Joliet)

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó ti sọ̀rọ̀, mo wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ kọnkéré. Gbogbo ohun tí ẹ ń kà sílẹ̀ yìí, kí a dí i lọ́dún yìí, kí a kùn ún lọ́dún tó ń bọ̀, owó ni gbogbo rẹ̀. Kọnkéré kì í béèrè ìyẹn. Mo sì ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà sọ pé omi ni ọ̀tá, òtútù kọ́. Báwo wá ni a ṣe ń rí títì tó sán ní ìbú, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, lórí ọ̀nà tí kò ní kòtò kankan, tí ìlà wọn sì ń tẹ̀ léra bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n?

Ẹnjiníà_Títì (Minneapolis)

Ìbéèrè tó dára ni, àbúrò. Irú sísán ìbú yẹn, òtútù ló ṣe é lóòótọ́. Ojú ọ̀dà máa ń sún kì bó bá tutù, bí epo dúdú tó so òkúta rẹ̀ pọ̀ bá ti le jù láti nà, yóò já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún epo náà ní nọ́mbà lábẹ́ ètò Superpave, èyí tó jáde láti inú ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan tó wáyé láàárín ọdún 1987 sí 1993. Bí ẹ bá rí PG 58-28 lórí ìwé agbaṣẹ́ṣe, nọ́mbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ooru ojú títì ṣe lè pọ̀ tó lórí òṣùwọ̀n Celsius, èkejì sì ń sọ bí òtútù rẹ̀ ṣe lè lọ sísàlẹ̀ òdo tó kí epo náà tó di ohun tó ń já. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ọ̀dà tuntun ní ìlú òtútù gbọ́dọ̀ béèrè nọ́mbà kejì yẹn. Ní MnROAD, ibi tí ìjọba Minnesota ti ń dán títì wò nítòsí Albertville láti ọdún 1994, irú nǹkan báyìí wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí sísán ìbú yẹn bá ti wáyé: bí wọ́n bá dí i ní ọdún tó là, ìlà kan lásán ni yóò jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọn kò bá dí i, omi yóò wọlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa já, yóò sì di kòtò. Òtútù ṣí ilẹ̀kùn, omi ló wọlé jalè.

Ní ti kọnkéré, n kò bá a ṣọ̀tá. Ó dára fún ibi tí bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ti máa ń dúró. Ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń bó ojú kọnkéré ju ojú ọ̀dà lọ, pàápàá kọnkéré tí kò tíì pé ọdún kan tàbí tí wọn kò fi atẹ́gùn tíntìntín sí nígbà tí wọ́n ń pò ó. Àwọ̀ dúdú ọ̀dà sì ń gba oòrùn, yìnyín orí rẹ̀ ń tètè yọ́. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tó ń fa omi, kọnkéré náà yóò gbé orí sókè ní igun kan, yóò sì sán. Ìyàtọ̀ owó rẹ̀, ẹ ó rí i bí ẹ bá gba ìwé owó.

Ìyá_Olómi (Saint Paul)

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kan ọ̀rọ̀ adágún àti odò, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí iyọ̀, nítorí àwọn tó ń bínú sí iyọ̀ nínú ìgbìmọ̀ Akọ̀wé kò jẹ̀bi pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tí wọ́n ń sọ kọ́ ni ìdí tó wà níbẹ̀.

Iyọ̀ kì í jẹ epo dúdú inú ọ̀dà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ yìnyín di omi ní ìwọ̀n òtútù tó yẹ kó ṣì le, omi náà ń wọ inú ojú sísán, nígbà tí òtútù bá sì pọ̀ sí i tàbí tí òjò bá fọ iyọ̀ náà lọ, ó tún dì. Ìyípo dídì àti yíyọ́ tí Ẹnjiníà ṣàlàyé, iyọ̀ lè fi kún iye rẹ̀. Ibi tí kò bá sí sísán tí omi lè gbà wọlé, ìpalára rẹ̀ kéré. Ẹ̀wẹ̀, iyọ̀ lásán tí gbogbo wa ń rà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bí ojú ilẹ̀ bá ti tutù ju ìwọ̀n 15 ti Fahrenheit lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, Chicago tutù dé ìwọ̀n 23 lábẹ́ òdo. Ẹni tó da àpò iyọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn kàn da owó nù ni. Calcium chloride, irú iyọ̀ mìíràn, máa ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wọ́n, a sì lè fi í pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí òtútù bá ti kọjá gbogbo ìyẹn, iyanrìn ni kí ẹ fọ́n kí ẹsẹ̀ má yọ̀, kí ẹ sì gbá a kúrò nígbà ìrúwé kó má bàa dí ihò gọ́tà.

Ìwọ̀n tó yẹ kéré ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò lọ. Ife kọfí kan tó gba 12 ounce tó fún ọ̀nà iwájú ilé tó gùn ní 20 ẹsẹ̀ bàtà. Iléeṣẹ́ ìjọba Minnesota tó ń rí sí ìbàyíkájẹ́ sì ti ń sọ fún wa tipẹ́ pé ṣíbí tíì kan nínú iyọ̀ yìí tó láti ba gálọ́ọ̀nù omi 5 jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀nà tó rọrùn láti yọ ọ́ kúrò mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó yìnyín, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fọ́n iyọ̀ sórí ohun tó bá kù. Ẹ má da iyọ̀ sórí yìnyín tó ga tó orúnkún.

N kò sọ pé kí ẹ fi àwọn ìyá àgbà ìjọ sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣubú o. Ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn àti ibi tí àwọn aláìlera ti ń bọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí iyọ̀. Ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí jìnnà réré, iyanrìn tó fún un.

Kí n tó dákẹ́, ẹ béèrè ohun tó wà nínú sealcoat tí wọ́n bá fẹ́ kùn fún yín. Oríṣi kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà èédú ṣe, ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sì wà nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ ń bá bàtà àwọn ọmọdé wọlé, òjò sì ń gbá a lọ sínú odò. Ìlú Austin ní Texas fòfin dè é ní ọdún 2006, ìpínlẹ̀ Washington tẹ̀ lé e ní ọdún 2011, ti Minnesota sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2014. Ẹ ní kí agbaṣẹ́ṣe fi ìwé àlàyé ọjà náà hàn yín, kí ẹ sì wá nọ́mbà 65996-93-2 nínú rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ọ̀dà èédú ni. Oríṣi tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe wà lọ́jà, òun ni kí ẹ béèrè.

Alàgbà_Milwaukee

Ẹ ṣeun, Ìyá Olómi. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín fún ìjọ tiwa àti fún àwọn mélòó kan ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ tèmi kò pọ̀, ó sì kan àwọn ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Abẹ irin tó ń ha ilẹ̀ gbẹrẹgbẹrẹ máa ń ká etí ibi tó sán àti etí ibi tí wọ́n dí. Ẹ sọ fún ẹni tó ń kó yìnyín yín pé kó gbé abẹ náà sókè díẹ̀, ìdajì íńṣì tó, tàbí kó fi etí rọ́bà sí i. Ẹ gún ọ̀pá tó ní àwọ̀ pupa sí gbogbo etí ọ̀dà kí ilẹ̀ tó dì, nítorí awakọ̀ kò lè rí etí nígbà tí yìnyín bá bò ó, etí ọ̀dà ló sì máa ń kọ́kọ́ ya nígbà tí táyà bá bọ́ sí ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé ni ibi tí wọ́n ń kó yìnyín jọ sí. Bí ẹ bá kó o jọ sí apá òkè ilẹ̀, lójoojúmọ́ tí oòrùn bá ràn ni yóò máa yọ́, tí yóò máa ṣàn kọjá lórí gbogbo ọ̀dà yín, tí yóò sì dì lálẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Apá ìsàlẹ̀, lórí koríko, nítòsí ihò gọ́tà ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ihò náà, ni kí ẹ kó o sí. Mo ti rí ilẹ̀ tí àyípadà yìí nìkan dín kòtò rẹ̀ kù.

Ará_Àkúrẹ́

Mo ń kà yín láti ilé. Ẹnjiníà ni èmi náà, a kò ní yìnyín, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń pa títì wa: omi tó dúró. Ilẹ̀ Àgbábù kò jìnnà sí wa, níbi tí epo dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì ti ń sun jáde fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀ Ondo, síbẹ̀ títì wa kì í pẹ́ bí gọ́tà bá ti dí. Ìbéèrè mi fún Ẹnjiníà Títì ni pé, nínú ohun tí ẹ ṣàlàyé, ṣé bọ́ọ̀sì ìjọ yẹn kan ṣoṣo lè fa ẹ̀yìn ọ̀nì, nígbà tí ọkọ̀ kéékèèké bí ọgọ́rin ń tẹ ibi yòókù tí kò sì fọ́?

Ẹnjiníà_Títì (Minneapolis)

Ó lè fà á dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Nítòsí Ottawa ní Illinois, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ Akọ̀wé, ni wọ́n ti ṣe ìdánwò títì ńlá ti AASHO, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ títì ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1958 sí 1960, níbi tí àwọn sójà ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yí po lójoojúmọ́ lórí oríṣiríṣi títì. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ìpalára ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí agbára kẹrin ìwọ̀n ẹrù orí ààsìlì, ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, ìpalára rẹ̀ di bí ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ọkọ̀ kékeré kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tó kún. Púpọ̀ nínú àwọn títì tó bàjẹ́ níbẹ̀ ló sì bàjẹ́ nígbà ìrúwé, nígbà tí ilẹ̀ ń yọ́. Nítorí ìyẹn ni Minnesota fi máa ń dín ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé lórí ọ̀pọ̀ títì kù lọ́dọọdún ní àkókò yẹn. Ìjọ náà lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀: kí bọ́ọ̀sì máa dúró sí ojú títì ìlú láti ìparí oṣù Kejì títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ.

Akọ̀wé_Ilé (gúúsù Chicago)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo sì ti jíṣẹ́ ẹfun tí wọ́n rán mi. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti alága ìgbìmọ̀ jáde lẹ́yìn tó dá. Omi dúró sí ibi mẹ́rin. Èyí tó tóbi jù wà gẹ́lẹ́ níbi ẹ̀yìn ọ̀nì yẹn, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere: páìpù tó ń gba omi òrùlé gbọ̀ngàn ńlá ń dà á sórí ọ̀dà níbẹ̀, ihò gọ́tà tó yẹ kó gbà á sì ti ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, nítorí pé ilẹ̀ náà ti rì. Ibi tí wọ́n ń kó yìnyín jọ sí ní gbogbo ọdún ni apá òkè, lẹ́bàá ọgbà àwọn ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí Alàgbà ṣe sọ.

Ìgbìmọ̀ jókòó lálẹ́ àná. Àwọn tó fẹ́ sealcoat kò dùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìbéèrè tó kù fún wa ni mẹ́ta. Ṣé kí a gé ibi ẹ̀yìn ọ̀nì náà jáde kí òtútù tó dé, àbí kí a fi sílẹ̀ di ìrúwé? Kí ni kí a ṣe sí ihò gọ́tà tó ga jù yẹn? Bí kòtò tuntun bá sì là nínú oṣù Kìíní, kí ni kí a fi dí i?

Ẹnjiníà_Títì (Minneapolis)

Ẹ gé e jáde báyìí, kí ẹ má sì gé ọ̀dà nìkan. Ìpìlẹ̀ tó ti di ẹrẹ̀ ni kí wọ́n wà jáde, kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele kí ọ̀dà gbígbóná tó lé e. Bí wọ́n bá kàn tẹ́ ọ̀dà tuntun sórí ẹrẹ̀ àtijọ́, ẹ̀yìn ọ̀nì yóò yọ padà. Nínú iṣẹ́ yẹn kan náà ni kí wọ́n sọ orí ihò gọ́tà kalẹ̀, kí ilẹ̀ tó yí i ká sì máa dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ìdámẹ́rin íńṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Páìpù òrùlé, ẹ yí i sí orí koríko lọ́sẹ̀ yìí. Kò tó ohun tí à ń pe agbaṣẹ́ṣe sí. Ọ̀dọ́kùnrin méjì nínú ìjọ lè ṣe é.

Ọmọ_Oníṣọ́bìrì (Gary, Indiana)

Kí n fi ọ̀rọ̀ àkókò kún un. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń se ọ̀dà gbígbóná ní agbègbè wa yìí máa ń ti ilẹ̀kùn nígbà òtútù, wọn kì í sì í ṣí títí di ìrúwé, nítorí náà ẹ gba ìwé owó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe méjì tàbí mẹ́ta kí oṣù yìí tó parí, kí iṣẹ́ gígé náà wáyé kí oṣù Kẹwàá tó parí. Dídí ojú sísán lè tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Sealcoat ọdún tó ń bọ̀, ẹ dúró kí ooru dé dáadáa: ojú ọjọ́ gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 50 ti Fahrenheit lọ tọ̀sán tòru, òjò kò sì gbọdọ̀ rọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá tẹ́ ọ̀dà tuntun sí lọ́dún yìí, ẹ má kùn ún kí ó tó lo oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí epo inú rẹ̀ lè le.

Fún kòtò oṣù Kìíní, ẹ ra ọ̀dà tútù inú àpò, kí ẹ sì gbé àpò náà sínú ilé kó má bàa le bí òkúta. Ẹ gbọ́n omi àti yìnyín inú kòtò jáde, kí ẹ gbá ohun tó bá ń ṣí kúrò ní etí rẹ̀, kí ẹ da ọ̀dà náà sí i ní ìpele ìpele, kí èyí tó kẹ́yìn ga ju ojú ilẹ̀ lọ díẹ̀, kí ẹ sì fi táyà ọkọ̀ gùn ún lọ gùn ún bọ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Kì í ṣe àtúnṣe tó máa pẹ́. Ẹ sàmì sí ibi tí ẹ bá dí bẹ́ẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ náà, kí agbaṣẹ́ṣe lè gé wọn jáde nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí ọ̀dà gbígbóná bá ti padà sọ́jà.